Mẹ́dà Tí Ẹ Fi Ń Lé Ẹ̀ga

Bàbá mi tí mo tẹ́ sí ẹ̀bá oko ìrẹsì,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ọmọ yín ni. Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ ìkọ̀wé yìí yà yín lẹ́nu, kì í ṣe tèmi. Ẹ mọ̀ pé mo sá kúrò nílé ìwé, ẹ nà mí títí, mi ò padà. Mùlíkátù ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Inú ìyá rẹ̀ ló ṣì wà nígbà tí ẹ lọ. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, ní ìlú Jídà, ní ilẹ̀ Lárúbáwá, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má fi ọ̀rọ̀ ọmọ ilé ìwé tún un ṣe. Ó ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ èyí.

Ìyàwó mi ti wá bá yín. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ fún mi, nítorí náà ó yẹ kí n sọ fún yín fúnra mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun á ti dé ọ̀dọ̀ yín kí lẹ́tà yìí tó dé. Àìsàn rẹ̀ ò pẹ́. Lẹ́yìn tó lọ, èmi nìkan ni mò ń gbé ilé wa. Mo máa ń se iṣu, mo máa ń jẹ ìdajì, mo máa ń bo ìdajì yòókù bí ẹni pé ẹnì kan ń bọ̀ wá jẹ ẹ́. Mùlíkátù gbọ́, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Mo ní mi ò lọ. Ó bẹ̀ mí, mo ní mi ò lọ. Ó wá ní Mẹ́kà ò jìnnà sí Jídà, pé mo lè lọ ṣe Úmúrà, Háájì kékeré, ti ara mi, tí mo bá sì ti ṣe tèmi tán, wọ́n gbà kí ènìyàn ṣe òmíràn lórúkọ òkú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde. Kí Ọlọ́run má bínú, kì í ṣe ìyàwó mi ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin ni.

Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ̀, màá sọ ọ́ tí mo bá débẹ̀.

Gúláílì lorúkọ àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Ilé fún mọ́ ilé níbẹ̀ bí ọmọ àgbàdo lára ṣùkù. Ènìyàn dúdú pọ̀, Haúsá, Fúlàní, ará Sùdáànì, ṣùgbọ́n ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ oko kò sí. Ìdírísù, ọkọ Mùlíkátù, ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sínú ilé ló ń tún ṣe, mukáyífù ni wọ́n ń pè é níbí. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló fẹsẹ̀ rìn láti ilẹ̀ wa wá ṣe Háájì, tí kò padà mọ́. Yorùbá tó ń sọ, ti ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ nìkan ni; ó máa ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Ènìyàn dáadáa ni. Ó máa ń fi òróró ra mí lórúnkún. Bó bá ti jáde, Mùlíkátù á lọ síbi tó ti ń ránṣọ fún àwọn obìnrin, àwọn ọmọ á lọ sílé ìwé, á wá ku èmi àti ògiri.

Bí àwọn ọmọ bá dé, mo máa ń kí wọn ní Yorùbá, wọ́n á fi Lárúbáwá dá mi lóhùn. Jíddì ni wọ́n ń pè mí. Bàbá àgbà ló túmọ̀ sí. Mo bi àbíkẹ́yìn wọn pé ṣé ó ti jẹun. Ó ní, "Áíwà, Jíddì," ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í pé kí ló jẹ. Ó ti sáré lọ. Wọn ò rí mi fín. Ọ̀rọ̀ ni kò sí láàárín wa.

Mo wá gun orí òrùlé. Pẹrẹsẹ ni òrùlé wọn níbí, ènìyàn lè sá aṣọ síbẹ̀. Mo kó àwọn gálọ́ọ̀nù òróró tó ti ṣófo jọ, mo gé orí wọn, mo kó iyanrìn sí i. Iyanrìn ni o, kì í ṣe ilẹ̀. Mo ń da èèpo ànàmọ́ àti omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì sí i lójoojúmọ́, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú díẹ̀. Mo gbin ilá, mo gbin ata. Ọjọ́ tí ilá hù, Bàbá, mo jókòó tì í títí oòrùn fi lé mi wọlé. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ẹyẹlé ti ṣá a jẹ tán.

Kí ni ẹ rò pé mo ṣe? Ohun tí ẹ kọ́ mi náà ni. Mo so igi méjì pọ̀, mo gbé jàlàbíà Ìdírísù tó ti gbó wọ̀ ọ́, mo fi kete omi ṣe orí rẹ̀, ó di aṣọ́komásùn. Mo wá tú àpò ìbàdí mi, mo mú mẹ́dà yín jáde, mo fi kọ́ ọ láyà.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Bí ìrẹsì bá ti ń so, tí àwọn ẹ̀ga bá ti ń ya bo oko bí ẹni pé wọ́n dá a sílẹ̀ fún wọn, ẹ ó ní kí n gbé aṣọ́komásùn náró. Ẹ ó sì mú àgbélébùú fàdákà yẹn jáde, ẹ ó fi eérú ìdí ààrò nù ún títí yóò fi máa kọ mànà, ẹ ó fi okùn ọ̀pẹ so ó mọ́ àyà igi náà. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, oòrùn á ta bá a, àwọn ẹ̀ga á fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa ń rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Mo bi yín pé kí ni. Ẹ ní, "Nǹkan ojú ọ̀run ni. Jẹ́ kó máa bá àwọn tó ń fò sọ̀rọ̀."

Ìyókù ìtàn rẹ̀, ẹ̀rún ni ẹ fi ń fún mi, bí ẹni tó ń ya ẹran fún ọmọdé. Lónìí, ẹ ó sọ pé ẹ ru ìbọn àti àpò oúnjẹ lórí nínú igbó Bọ́mà, níbi tí ọkọ̀ ò lè dé, tí bàálù ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún yín láti òkè. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ ó sọ pé bàálù kan já. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ẹ tó sọ pé ẹ pọ̀n òyìnbó tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ gbé e la odò kọjá, ó ń sunkún, ó ń pe ẹnì kan, ẹ ò mọ ẹni tó ń pè nítorí ẹ ò gbọ́ èdè ara yín. Nígbà tí ẹ ti padà sílé, tí ẹ ti ń gbin ìrẹsì tí ẹ rí tí wọ́n ń gbìn ní Bọ́mà, àjẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ pè yín, ó gbé páálí kékeré kan lé yín lọ́wọ́. Ó ní òyìnbó tí ẹ pọ̀n ló ní kí wọ́n fún yín. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà ò bèèrè.

Kí ló dé tí ẹ ò bèèrè? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún àwọn àbúrò yín? Ẹ sọ fún mi nìkan, mo sì jẹ́ ọmọdé, ọ̀rọ̀ mi ò tó ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí ẹ kú, ìgbà ìrẹsì ti kọjá, mẹ́dà wà nínú àpò ìbàdí yín. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wẹ̀ yín, Bàbá Kékeré, àbúrò yín, tú àpò náà. Ó gbé e sókè lójú gbogbo ènìyàn. "Ẹ wá wo ohun tí Sọ́jà fi sùn." Àáfà ilé wa wò ó. Ó ní àgbélébùú ni. Ó ní ta ló mọ omi tí àwọn òyìnbó wọ́n sí yín lórí lójú ogun. Ó ní òun ò lè síwájú ìrun òkú ẹni tí òun ò mọ inú ẹ̀sìn tó kú sí. Mo ní ogun ni wọ́n ti fún un, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ, ìwọ tí o ò mọ̀wé?" Mo ní kó máa lọ. Èmi àti àwọn alágbàṣe oko la gbẹ́ ilẹ̀ yín sí ẹ̀bá oko ìrẹsì. Èmi ni mo síwájú. Mo kí ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Bóyá mo ṣi í kí, bóyá ó pé, kò sí ẹni tó wà lẹ́yìn mi tó lè sọ fún mi.

Láti ọjọ́ náà mi ò tẹ mọ́sáláṣí ilé wa mọ́. Ìlú kejì ni mo ti ń kí Jímọ̀. Àáfà yẹn ti kú, ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí, ó ti wá bẹ̀ mí, mi ò lọ. Ẹ mọ agídí mi, kò dín rárá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lágídí sí wọn tó, ọkàn mi ò balẹ̀ rí. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí n tó kú ni pé kí n lọ síbi tí gbogbo ìrun ń kọjú sí, kí n ṣe Úmúrà kan fún yín níbẹ̀, ọ̀kan tí kò sí àáfà tó lè ní kò dé.

Mùlíkátù dáwọ́ ìkọ̀wé dúró. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò sọ gbogbo èyí fún mi rí." Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Orí òrùlé ni mo bá ọ̀rọ̀ mi dé. Ìdírísù gòkè wá wo táńkì omi. Ó rí aṣọ́komásùn. Ó dúró gbagidi.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Ó ń lé ẹyẹ."

"Bàbá, ṣàlíbù ni. Àgbélébùú. Lórí ilé mi. Walláhi, bí aládùúgbò kan bá rí i, bó bá pe àwọn aláṣẹ, ìkámà mi nìyẹn."

Ìkámà ni ìwé tí wọ́n fi ń gbé ilẹ̀ yìí. Wọ́n bí i síbí, wọ́n bí bàbá rẹ̀ síbí, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ máa tọrọ ìwé náà. Ó yẹ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n mo ní, "Ẹyẹlé ò bèèrè ìkámà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ di mẹ́dà náà mú, bí ẹni tó di ẹ̀yinná mú, ó já a. Ó bi mí pé ta ló ni ín. Mo ní bàbá mi ni. Mo rí i tó ń wá ọ̀rọ̀.

"Bàbá yín tí ẹ fẹ́ ṣe Úmúrà fún?"

"Àwọn náà ni."

"Bàbá, ẹ má bínú. Ṣé Mùsùlùmí ni wọ́n kú?"

Ẹ wò ó. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí lórí òkú yín náà ló gun àtẹ̀gùn wá bá mi lórí òrùlé Jídà. Ó ní wọn kì í ṣe é fún ẹni tí kò kú sínú ẹ̀sìn, òun ò sì lè mú mi lọ bí kò bá dá òun lójú, kí òun má baà jẹ nínú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Mo tú aṣọ́komásùn ká, mo wọlé lọ sùn láìjẹun. Mùlíkátù ń kan ilẹ̀kùn. Mo ní mo ti yó.

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnjiníà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, Kristẹni ni, bàálù ló ń tún ṣe ní Jídà. Inú yàrá rẹ̀ ló ti ń sin Ọlọ́run rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìdírísù ló ń bá a tún mukáyífù rẹ̀ ṣe, òun náà á sì wá jẹun ọwọ́ Mùlíkátù lọ́jọ́ Jímọ̀. Nígbà tó dé ní Jímọ̀ yẹn, Ìdírísù gbé mẹ́dà náà síwájú rẹ̀ tòun ti aṣọ tó fi wé e.

"Ẹnjiníà, tiyín nìyí. Ẹ bá wa gbé e lọ."

Ẹnjiníà tú u wò. Ó bi wá pé níbo la ti rí i. Mùlíkátù sọ ọ̀rọ̀ òrùlé fún un. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Bàbá, èmi tí mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nílé, láti ọjọ́ tí mo ti dé Jídà mi ò kan irú igi yìí mọ́ orí ilé rí. Ẹ̀yin Àlàájì lẹ wá gbé e náró." Àlàájì ni wọ́n ń pè mí níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Úmúrà ti ara mi nìkan ni mo tíì ṣe.

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kì í ṣe ti òun, kì í sì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì kankan. Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́ nílùú òyìnbó, olùkọ́ òun kan tó ti darúgbó ní irú rẹ̀, ọjọ́ kan péré lọ́dún ló ń fi sáyà.

"Bàbá, nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, igi àti aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe bàálù. Ẹni tó bá gùn ún, kó ti dágbére fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí ogun yẹn ń parí lọ, àwọn tó ń jà lójú ọ̀run di ọmọ ogun ọ̀tọ̀, wọn ò sí lábẹ́ ti orí ilẹ̀ mọ́, wọn ò sí lábẹ́ ti orí omi. Ọba Gẹ̀ẹ́sì wá ní kí wọ́n ṣe mẹ́dà tiwọn. Àgbélébùú yìí ni ti àwọn ọ̀gá. Àwọn tí kì í ṣe ọ̀gá, tiwọn rí bí ẹyin adìyẹ."

Ó ní kí Ìdírísù sún mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí àárín rẹ̀. Àgbélébùú kejì tó dábùú lé ti ìsàlẹ̀, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú bàálù ni. Ìyẹ́ ẹyẹ wà láàárín. Orí apá rẹ̀ méjèèjì àti ìdí rẹ̀, bọ́ǹbù ni wọ́n yà síbẹ̀. Ìdírísù ní, "Bọ́ǹbù?" Ẹnjiníà ní, "Ṣé ẹ ti rí bọ́ǹbù lórí àgbélébùú ṣọ́ọ̀ṣì rí?" Ó ní àwọn ará Íńdíà tí kò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì gbà á nínú ogun Hítílà. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ẹ̀sìn. Ohun tí wọ́n bèèrè ni pé, ṣé o gòkè nígbà tí ikú wà lókè?

Ìwọ̀nba aṣọ tó kù lára rẹ̀, tí ẹ fi okùn ọ̀pẹ rọ́pò, ó mọ ìtàn ìyẹn pàápàá. Funfun àti àwọ̀ àlùkò ni. Ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀, ńṣe ni ìlà rẹ̀ dùbúlẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi yí i padà, tí wọ́n ní kó máa fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá, mo ti rò láti kékeré pé atẹ́gùn oko ló fà á fì.

Ó ní lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n pa èyí tó rí bí ẹyin rẹ́, pé lóde òní, ọ̀gá àti ọmọ ogun lásán, àgbélébùú kan náà ni wọ́n ń gbà. Mo bi í pé èwo ni wọ́n ṣe fún ẹni tó pọ̀n wọ́n nígbà tí wọ́n já bọ́. Ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, mi ò tíì gbọ́ ìyẹn."

Ó dà á dojú bolẹ̀. Àmì ọba wà lẹ́yìn rẹ̀, ọdún wà níbẹ̀. Mo ní kó ka orúkọ òyìnbó náà fún mi, kí n lè mọ ẹni tí ẹ pọ̀n. Ó ní kò sí orúkọ. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà nìyẹn, wọ́n ń kọ ọdún, wọn kì í kọ orúkọ ẹni tó gbà á. Ó dùn mí. Ẹni tó fò ò lórúkọ, ẹni tó pọ̀n ọ́n ò lórúkọ, ẹ̀ga oko wa nìkan ló mọ̀ wọ́n.

A jẹun tán. Nígbà tí Ìdírísù ń bu omi fún mi láti ṣanwọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ bi àgbà léèrè."

Mẹ́kà ló mú mi lọ, ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Járúwà, nítòsí mọ́sáláṣí ńlá. Àgbà ọkùnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ àwọn tó rìn wá láti ilẹ̀ wa bíi ti Ìdírísù, òun ni àwọn èèyàn wa máa ń bi ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ìdírísù to ọ̀rọ̀ náà fún un ní Lárúbáwá, ó pẹ́. Mo gbọ́ ṣàlíbù, mo tún gbọ́ ṣàlíbù. Mo ń rò ó pé bí ẹni yìí bá tún kọ̀ yín, kò tún sí ibòmíràn láyé tí mo lè gbé yín lọ. Ibi tó jù nìyí.

Àgbà náà yíjú sí mi, ó fi Yorùbá àtijọ́ kan tó ń rí gbágungbàgun bá mi sọ̀rọ̀.

"Àlàájì, ta ló kọ́ ọ ní Fátíhà?"

Mo ní ẹ̀yin ni. Lórí ebè ìrẹsì. Ẹ ó ti ọkọ́ bọlẹ̀, ẹ ó fi omi inú akèrègbè ṣe àlùwàlá, ẹ ó ní kí n dúró lẹ́yìn yín, bí mo bá ń wo ẹ̀ga ẹ ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Kì í ṣe àáfà?"

"Kì í ṣe àáfà."

"Kó tó lọ sógun ni àbí nígbà tó dé?"

"Nígbà tó dé. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n bí mi."

Ó kọjú sí Ìdírísù, ó ní, "Ẹni tó kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìrun lẹ́yìn tó tojú ogun dé, ìwọ wá ń bi mí bóyá ó ń kírun?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n bu tíì fún wa.

Bàbá, mi ò lè mu tíì náà. Gbogbo ọdún tí mo fi ń bá àáfà ilé wa jà lọ́kàn, ìdáhùn náà wà lẹ́nu mi, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ni mò ń kà á. Kí ló dé tí kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ nígbà náà?

Ní àárọ̀ tí a fẹ́ lọ, Ẹnjiníà yà wá kí wa. Mo gbé mẹ́dà tó ti fi sílẹ̀ fún mi lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ibi tí ọ̀nà ti yà fún àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ibẹ̀ ni èmi máa ń yà. Ẹ jẹ́ kí òun náà bá mi yà, Bàbá. Ẹ óò bá a lọ́dọ̀ mi." Ó fi sínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó de bọ́tìnì rẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbé Jídà, inú ilé rẹ̀ ló ti ń wọ aṣọ haramí. Mo wẹ̀, mo ró aṣọ funfun méjèèjì. Ìdírísù dúró tì mí ní pálọ̀ láti fún mi ní ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ, pé mo dáhùn ìpè Ọlọ́run lórúkọ ẹni báyìí. Ó ní, "Bàbá, ẹ dárúkọ wọn."

Mi ò lè sọ ọ́.

Mi ò dárúkọ yín rí láyé mi. Ìyá mi ò dárúkọ yín rí. Sọ́jà ni ayé ń pè yín. Ọmọ wo ló ń la ẹnu pe bàbá rẹ̀ lórúkọ bí ẹgbẹ́ rẹ̀? Ìdírísù rò pé mo ti gbàgbé, ó bojú wo Mùlíkátù pé kó rán mi létí. Mùlíkátù ò mọ̀ ọ́n. Bàbá Sọ́jà ni òun náà mọ̀. Mo wá rí i pé nínú gbogbo ayé, ẹnu mi nìkan ni orúkọ yín kù sí, bí mo bá sì kú láìpè é, ó tán nìyẹn.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún yín, kí n tọrọ àforíjì kí n tó pè é. Orúnkún mi ti ń kanlẹ̀ nígbà tí Ìdírísù di apá mi mú. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Bàbá, nínú aṣọ yìí, Ọlọ́run nìkan." Mo dìde. Mo ní ẹ forí jì mí nínú ọkàn mi. Mo sì dárúkọ yín, gbogbo rẹ̀, tòun ti orúkọ bàbá yín. Mùlíkátù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní orúkọ náà dára.

Mi ò ní jẹ́ kó kọ ọ́ sínú lẹ́tà yìí. Ẹ mọ orúkọ ara yín.

Ní Mẹ́kà, Mùlíkátù fẹ́ kí wọ́n wá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti arúgbó fún mi. Mo kọ̀. Ẹni tí mo wá ṣiṣẹ́ fún, ẹsẹ̀ ló fi la Bọ́mà já. Mo yí Káába po, mo lọ mo bọ̀ láàárín òkè Sàfá àti Máríwà títí àtẹ́lẹsẹ̀ mi fi gbóná. Mo rí ọkùnrin kan tó pọ̀n bàbá rẹ̀ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ arúgbó náà ń jù fìrìfìrì. Mo wò wọ́n títí èrò fi bò wọ́n. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ wà lẹ́yìn mi? Mi ò gbọ́ ìwúwo yín.

Nígbà tí mo ṣe gbogbo rẹ̀ tán, mo dúró, mo tẹ́tí. Ènìyàn pọ̀ bí iyanrìn, oníkálukú ń bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ohun tí mò ń retí. Kò sí nǹkan kan. A padà sí Jídà, Ẹnjiníà gbé mẹ́dà yín padà fún mi, àwọn ọmọ ń pe Jíddì, Jíddì, wọ́n sì sá lọ.

Ìdírísù ti so àwọn àwo orin tó ti bàjẹ́ mọ́ okùn fún mi lórí òrùlé. Wọ́n ń yí, wọ́n ń kọ mànà, àwọn ẹyẹlé ń bẹ̀rù wọn díẹ̀. Ilá ti ń hù padà. Ìdí àwọn gálọ́ọ̀nù yẹn ni mo jókòó sí lánàá nígbà tí ọ̀rọ̀ yín kan wá sí mi lọ́kàn, òun ló jẹ́ kí n ní kí Mùlíkátù mú bébà wá.

Ẹ máa ń sọ fún mi pé bí ohùn bá pe ènìyàn nínú oko, kó má ṣe dáhùn, kó dúró kó pe ẹ̀ẹ̀kẹta. Ẹ ní iwin kì í pè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ènìyàn nìkan ló ní sùúrù ẹ̀ẹ̀kẹta. Bí ìyá mi bá gbé oúnjẹ dé, á pe Sọ́jà, ẹ ó dákẹ́. Á tún pè, ẹ ó dákẹ́, ẹ ó máa ro ebè lọ bí ẹni pé ẹ ò gbọ́. Àfi bó bá pe ẹ̀kẹta, ẹ ó wá ní, "Oò." Inú á máa bí i. Èmi á máa rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà mo mọ̀ pé ẹ gbọ́. Ẹ̀kan ni mo tíì pè. Ìdírísù ní Úmúrà kì í tán, màá ṣe òmíràn fún yín kí ààwẹ̀ tó dé, màá tún pè yín, tẹnu tẹnu. Lẹ́yìn náà màá lọ sílé. Màá bá ìrẹsì lóko nígbà tó bá ń so, màá gbé aṣọ́komásùn náró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo tẹ́ yín sí, màá so mẹ́dà yín padà mọ́ ọn láyà, kí àwọn ẹ̀ga mọ̀ pé a wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni màá ti pe ẹ̀kẹta.

Ẹ ṣì máa ro ebè yín lọ ná. Mi ò kánjú.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń dúró lẹ́yìn yín lórí ebè. Ènìyàn ni mí, èmi kì í ṣe iwin.